Ṣé Iyùn Ń Mí? Ìtàn Iyùn Láti Ọrùn Ọba Dé Inú Àpótí Dígí

Ọ̀rọ̀ ìtàn la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè ọmọdé kan ló sì bí i.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún, nílé ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Igbómìnà. A bá Ìyá àgbà ilé náà tí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Ó ní òun ti dàgbà, òun fẹ́ pín ohun ọ̀ṣọ́ òun fún wọn nígbà tí òun ṣì lè fọwọ́ ara òun pín in. Ó gbé agolo bisikíìtì àtijọ́ kan jáde, ó tú aṣọ funfun tó wà nínú rẹ̀, iyùn pupa kan sì yọ, ẹ̀jìgbà gígùn tó lè yí ọrùn po lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá tó bí i ló fi í sílẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé kí wọ́n tú okùn rẹ̀, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ fọwọ́ kan iyùn náà. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé òkúta lèyí àbí ike?"

Ìyá àgbà ní, "Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ike. Inú òkun ló ti wá. Ohun ẹlẹ́mìí ni."

"Ó ń mí? Ta ló wá ń fún un lóúnjẹ nínú agolo?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ni pé iyùn ń mí?"

A wo ara wa lójú. A lè ṣàlàyé àrànmọ́ àti ìpajẹ. A lè ka oríkì oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè dá ọmọ yìí lóhùn. A ṣèlérí pé a ó lọ wádìí. Ohun tí a rí nìyí.

Iyùn lọ́rùn ọba

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ iyùn ní Ìlá, ààfin ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka Ọ̀ràngún ti Ìlá mọ́ àwọn ọba tó jáde láti ìdílé Odùduwà. Ọ̀nà kan náà ló gbà ka Ọba Ìbíní mọ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Ìbíní yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Ọ̀ràngún jẹ́ ọba aládé ìlẹ̀kẹ̀, irú adé tó ní ìbòjú. Nígbà tí John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, àti Funso Afolayan kọ ìwé lórí ipò ọba nílẹ̀ Yorùbá ní 1996, Ìlá ni wọ́n fi ṣe ojúlówó àpẹẹrẹ wọn. Kì í sì í ṣe ọba nìkan ló ń lo ìlẹ̀kẹ̀. Ìjòyè ń lò ó, ìyàwó tuntun ń lò ó, olórìṣà ń lò ó. Àwọn òbí tilẹ̀ ń fi iyùn sọ ọmọ lórúkọ: Iyùnadé, Iyùnọlá.

Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò sì dọ́gba. Ẹ mú sẹ̀gi ṣe àpẹẹrẹ. Dígí ni sẹ̀gi, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ rí àwokù ìkòkò ìyọ́-dígí àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé àwọn baba wa ń po dígí fúnra wọn láàrin nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò dúró de òyìnbó kankan.

Ti iyùn yàtọ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó rọ iyùn, kò sì sí ẹni tó yọ́ ọ nínú iná. Àwọn ará Ìbíní ní ìtàn kan pé Ọba Ewuare, tó jọba ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ló gba iyùn lọ́wọ́ Olókun. Ìtàn náà bá ohun tí Ìyá àgbà sọ mu: inú òkun ló ti wá. Ìwé àwọn oníṣòwò náà jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Pọtogí dé Ìbíní ní nǹkan bí 1485, iyùn pupa sì wà lára ọjà tí ọkọ̀ wọn ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà. Láti etíkun ni iyùn ti ń wọ ọjà ilẹ̀ wa, láti ọwọ́ aláròóbọ̀ kan dé ọwọ́ aláròóbọ̀ mìíràn.

Ẹ lè béèrè pé, òkun wa ńkọ́? Kí ló dé tí a kò rí iyùn tiwa he ní Èkó tàbí Bàdágírì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn odò wa. Odò Ọya, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń gbé omi dídùn àti ẹrẹ̀ lọ sínú òkun, iyùn tó ń kọ́ òkìtì ńláńlá sì nífẹ̀ẹ́ omi iyọ̀ tó mọ́ gaara tí oòrùn ń ráàyè wọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀yìn odi ni irú wọn wà jù, ní erékùṣù bíi Cape Verde àti São Tomé. Odò Ọ̀ṣun tó sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ wà lára ohun tó mú kí iyùn jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa.

Òdòdó inú ìgò

Láyé àtijọ́, àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù gbà pé ewéko ni iyùn. Wọ́n ní ó rọ̀ nígbà tó wà lábẹ́ omi, pé atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di líle. Ìgbàgbọ́ yìí wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn apẹja ń fa iyùn jáde, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń gé e, wọ́n ń tà á. Kò sí ẹni tó dúró wò ó nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ní 1706, ará Ítálì kan, Luigi Ferdinando Marsili, wà ní Cassis, ìlú kékeré kan nítòsí Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Ó gba ẹ̀ka iyùn pupa tí àwọn apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, ó kì í bọ inú ìgò tó kún fún omi òkun, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà wò ó, ohun funfun kéékèèké ti là lára ẹ̀ka náà bí òdòdó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka mẹ́jọ yíká. Tó bá yọ iyùn kúrò nínú omi, òdòdó yóò pa dé. Tó bá dá a padà, yóò tún là. Inú Marsili dùn púpọ̀. Ó kéde pé ẹ̀rí ti dé pé ewéko ni iyùn, ó ṣe tán ó ń tanná.

Ẹ wò ó bí ènìyàn ṣe lè rí òtítọ́ lójúkorojú kí ó sì fún un lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Oníṣègùn kan láti Marseille, Jean-André Peyssonnel, ló tún ọ̀rọ̀ náà wò. Ní nǹkan bí 1725, ó ń bá àwọn apẹja iyùn ṣiṣẹ́ ní etíkun Àríwá Áfíríkà. Òun náà fi iyùn sínú omi òkun, ṣùgbọ́n ó ṣe ju wíwò lọ. Ó fọwọ́ kan "òdòdó" náà, ó rí i pé ó ń súnkì bí ohun tí ara ń ta. Ó jẹ́ kí òmíràn kú, ó sì kíyè sí i pé òórùn ẹran òkun tó jẹrà ló ń jáde lára rẹ̀, kì í ṣe òórùn ewé. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris pé ẹranko ni. Wọn kò gbà. Réaumur, tó jẹ́ àgbà ọ̀mọ̀wé láàrin wọn, mẹ́nu ba èrò náà níwájú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó ni ín, kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà kí ìwádìí àwọn ẹlòmíràn tó mú kí Réaumur yí ohùn padà. Ní 1751, Peyssonnel fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nítorí náà, Ìyá àgbà ló jàre. Ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn. Ẹ̀dá kéékèèké tó ní ẹnu àti ọwọ́ tín-ín-rín ló ń gbé pọ̀ lára ẹ̀ka kan náà bí agboolé. Wọ́n ń fa kálísíọ̀mù inú omi òkun, wọ́n fi ń mọ egungun tí wọ́n jọ ń gbé lé. Egungun yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ń gé, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n ń dán, títí tí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Kì í tètè dàgbà: ní ọdún kan, ẹ̀ka iyùn pupa kì í fi odidi mílímítà kan nípọn sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó tóbi bí àtàǹpàkò lè jẹ́ iṣẹ́ ìran ẹ̀dá inú òkun fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Nítorí pé ó ń tán lọ ni ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin de irin iṣẹ́ àtijọ́ ní 1994, ìyẹn igi alágbèélébùú tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ òkun, tó sì ń fọ́ gbogbo ohun tó bá kàn.

Obìnrin kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀

Iyùn pupa ní ẹbí. Àwọn kan nínú ẹbí yìí ni a ó pè ní iyùn òkúta níbí, nítorí pé àwọn ló ń kọ́ òkìtì òkúta ńláńlá sínú òkun. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì: ọwọ́ mẹ́jọ ni ti iyùn pupa, mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n máa ń ka ti iyùn òkúta. Ara iyùn òkúta yìí gan-an ni ènìyàn ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti tọ́ iyùn dàgbà nínú ilé.

Ọdún 1846 ni. Ìran Yorùbá kì í gbàgbé ọdún yẹn, nítorí pé ní oṣù kẹjọ rẹ̀ ni Townsend àti Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí etíkun Torquay. Ó rí iyùn òkúta kékeré tó ń gbé lára àpáta, ó wù ú, ó sì kó díẹ̀ nínú ìṣà omi òkun lọ sílé. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànìnkànìn kí omi lè máa gba abẹ́ àti òkè wọn kọjá.

Ìṣòro dé nígbà tí omi òkun tuntun kò tètè dé Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Omi àtijọ́ yóò bàjẹ́, iyùn yóò sì kú. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí wọ́n máa da omi náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Bí ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń dà á lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tó ń dá ni lágara ni. Kì í sì í ṣe ìyá alágbà náà ló ń ṣe é. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń dà á. Nínú ìròyìn tí Thynne kọ lẹ́yìn náà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1859, ó ní eré ni ọmọ náà ka iṣẹ́ ọ̀hún sí.

Ní 1847, ó ní kí wọ́n bá òun mú òkúta tí ewédò hù sí wá láti etíkun. Ó fi wọ́n sínú omi pẹ̀lú iyùn. Ewédò ń fún omi ní atẹ́gùn tí ẹranko ń mí sínú, ẹranko náà sì ń bọ́ ewédò. Ó pa àwọn iyùn wọ̀nyẹn mọ́ láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wọ́n tilẹ̀ bímọ sí i lọ́wọ́. Títí di òní, pọ́ǹpù tó ń ru omi nínú àpótí iyùn gbogbo àgbáyé, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ló ń ṣe.

Oúnjẹ rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀

Iyùn Torquay jẹ́ iyùn omi tútù, kò bèèrè oòrùn. Iyùn òkúta tó ń gbé inú òkun gbígbóná le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Thynne, ẹni tó bá gbé e sínú àpótí dígí nílé kì í pẹ́ gbé òkú rẹ̀ dànù.

Ìdí rẹ̀ ni pé ayálégbé ń bẹ nínú ẹran ara rẹ̀. Ewédò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n sì ń fún iyùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bí owó ilé. Àwọn ayálégbé yìí náà ló ń fún iyùn láwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, àdéhùn náà yóò túká: iyùn yóò lé wọn jáde, ara rẹ̀ yóò funfun báláú, ebi yóò sì máa pa á lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù, ebi náà ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà lọ kì í ṣe òyìnbó. Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonéṣíà, ń kó òkúta inú òkun tí ohun ẹlẹ́mìí kún ara rẹ̀ sínú àpótí dígí, ó ń jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ọ́, ó ń fi atẹ́gùn díẹ̀ ru omi rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn olùsìn ẹja ní 1961. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí a jẹ́ kí òkun tún ara rẹ̀ ṣe. Ní Yúróòpù, níbi tí oòrùn kò ti pọ̀, Peter Wilkens kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi omi kálísíọ̀mù bọ́ iyùn, kí egungun rẹ̀ lè máa le. Ní Berlin, Dietrich Stüber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa òkúta ààyè, iná tó mọ́lẹ̀ gan-an àti ẹ̀rọ tó ń fa ìfófòó ìdọ̀tí kúrò nínú omi pọ̀. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, iyùn òkúta tó ní ẹ̀ka, irú èyí tí ara rẹ̀ gbẹgẹ́ jù, ti ń dàgbà nínú ilé rẹ̀.

Stüber ṣe ohun kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀ka iyùn rẹ̀, ó ń fún ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ yóò fi lẹ́ òkúta, yóò dàgbà, òun náà yóò ṣẹ́ fún ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ fún ará àdúgbò kí ó lọ gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni iyùn kan láti Berlin ṣe tàn ká Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí agolo Ìyá àgbà. Bí o bá pín òkú iyùn sọ́nà mẹ́ta, ẹ̀jìgbà gígùn kan di kúkurú mẹ́ta. Bí o bá pín ààyè iyùn sọ́nà mẹ́ta, tí o sì tọ́jú wọn, odindi mẹ́ta ni yóò dà.

Òṣùpá nínú ilé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ibì kan wà ní Forest Hill, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Horniman Museum ni orúkọ rẹ̀. Oníṣòwò tíì kan, Frederick Horniman, ló ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ilé tó wà níbẹ̀ sì ṣí fún aráàlú ní 1901. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó nígbà tí wọ́n kọlu Ìbíní ní 1897. Ẹ rántí Ọba Ìbíní, ọmọ ìyá Ọ̀ràngún nínú ìtàn Johnson. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé náà dá nǹkan 72 padà sábẹ́ àṣẹ Nàìjíríà.

Ilé kan náà ní àpótí dígí tó kún fún iyùn. Jamie Craggs ló darí iṣẹ́ ìwádìí ibẹ̀. Láti 2012, ó fẹ́ mọ̀ bóyá iyùn òkúta lè bímọ láìsí òkun rárá. Ìdí tó fi ṣòro ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ wọn ń da ẹyin sómi, lóru, lẹ́yìn tí òṣùpá bá ti yọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ dé òpin, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Iyùn ń ka oṣù. Àwọn àgbà wa náà ń fi òṣùpá mọ ìgbà ọdún, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Craggs fi kọ̀ǹpútà darí iná inú yàrá náà kí ó lè máa mọ́, kí ó sì máa ṣú bí ti ibi tí iyùn ti wá. Ó mú kí omi máa gbóná, kí ó sì máa tutù bí ìgbà ọdún ṣe ń yí. Ó fi iná kékeré ṣe òṣùpá tó ń yọ, tó sì ń wọ̀. Ní 2013, àwọn iyùn náà da ẹyin sómi lákòókò tó yẹ, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2017, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é jáde fún gbogbo ayé. Àwọn ará Florida Aquarium ní Amẹ́ríkà bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, iyùn òpó, tó ti ń parẹ́ nínú òkun Florida, bímọ lọ́wọ́ wọn nínú ilé.

Ẹni tó bá rò pé eré olówó ni iṣẹ́ yìí, kí ó rántí oṣù keje ọdún 2023. Omi òkun Florida gbóná débi pé àwọn olùtọ́jú ní láti máa kó iyùn jáde nínú òkun lọ sínú agbada lórí ilẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń kó ọmọ jáde nínú ilé tó ń jó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé iyùn ń funfun ní òkun gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìgbà kẹrin. Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú iyùn nínú yàrá wọn ló wá di ohun tí wọ́n fi ń pa irúgbìn rẹ̀ mọ́.

Ṣé ó lè ṣeé ṣe ní Ìlá?

A bi ara wa. Ìlá jìnnà sí òkun ní nǹkan bí 200 kìlómítà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Iyọ̀ òkun tí wọ́n po wà fún títà: nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà omi mímọ́ kan. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ní láti wà láàrin mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan. Omi ní láti wà láàrin ìwọ̀n 24 sí 27 ti Celsius. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń náwó láti mú omi gbóná. Ní Ìlá, lóṣù kẹta ọdún, owó la ó fi mú un tutù, ní ọ̀sán àti ní òru.

Iná mànàmáná sì ni gbogbo rẹ̀: ti pọ́ǹpù, ti ìmọ́lẹ̀, ti ìtutù. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa gbìyànjú rẹ̀ ní Èkó. Ó ra àpótí ńlá, ó ra iyùn mẹ́rin. Oṣù márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ fi dára. Nígbà tó yá, iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán lóru, kò sì sí ẹni tó jí. Omi tí kò rú kò ní atẹ́gùn. Ilẹ̀ mọ́, ẹja ti léfòó. Ní ọjọ́ kejì, ẹran ara iyùn ti ń yọ́ kúrò lára egungun rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fọ egungun náà, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àlejò tó bá wọlé a máa yìn ín pé ó lẹ́wà.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé iyùn òkúta kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó sáré lọ ra iyùn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò máa da omi náà ní òru tí iná bá lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ tí wọ́n wí yìí, ojoojúmọ́ ni.

A padà fún Ìyá àgbà lésì lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbà á. A ní iyùn tó wà nínú agolo kò mí mọ́, ṣùgbọ́n ó ti mí rí, nínú òkun tó jìnnà, kí wọ́n tó bí ìyá Ìyá àgbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Egungun ni wá ń wọ̀ sọ́rùn nìyẹn?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò burú.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá àgbà gba fóònù. A ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti Cassis dé Lọ́ńdọ̀nù. A bi í pé ṣé wọ́n ti pín iyùn náà. Ó ní rárá, àwọn ọmọ òun ti ní kí ó wà bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹni tó bá ní ìnáwó máa wá gbà á wọ̀, kí ó sì dá a padà. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ọmọbìnrin tí ẹ ní ó ń da omi yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"

A ní ìyá alágbà náà kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ló ń dà á."

A ti kọ ọ́ o.